Nọ́ọ̀tì Ọwọ́ Òsì

“Ẹ wò ó dáadáa, Ìyá Toyyibah. Pupa ni. Tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló dè é, ẹ máa rí pupa lórí ẹ̀.”

Ẹ̀yìn géètì ni ohùn Yésúfù mẹkáníìkì ti ń wọlé. Òun fúnra rẹ̀ kò wọlé. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan níta, ó kẹ̀yìn sí géètì, ó ń sọ̀rọ̀ sójú títì bí ẹni tó ń bá ewúrẹ́ tó ń kọjá ṣàríyànjiyàn. Hàfísátù wà nínú opó. Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé tí Mùtàlíbù ọkọ rẹ̀ ti kú. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni yóò sì fi wà nínú ilé kí ọkùnrin àjèjì tó lè rí ojú rẹ̀. Yésúfù mọ òfin yẹn, ó sì pa á mọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó gbé e wá kò lè dúró di oṣù mẹ́rin. Kò tiẹ̀ lè dúró di ọ̀la.

Hàfísátù lóṣòó ti alùpùpù náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti ká tapólì kúrò lórí rẹ̀. Alùpùpù eléré ìje ni, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ Mowé ń pè ní pawabáìkì: imú rẹ̀ ṣóńṣó bíi ti àṣá, ìdí rẹ̀ ga sókè, ó dúró bí ohun tó fẹ́ fò. Nígbà tí Mùtàlíbù wà láyé, tó bá ti ń bọ̀ láti Èkó, láti òkèèrè ni Toyyibah ọmọ wọn ti máa ń gbọ́ igbe rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ní báyìí, gbogbo ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ti họ, dígí rẹ̀ ti fọ́ dànù, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ti tẹ̀ wọnú bí apá ẹni tó fẹ́ fi bojú.

Ní ọ̀la ni Zubair, àbúrò Mùtàlíbù, ń bọ̀ láti Ìfọ̀ pẹ̀lú mẹkáníìkì tirẹ̀. Ẹbí ti ní kí Zubair máa gun alùpùpù náà lọ síbi iṣẹ́. Wọn yóò yọ ọwọ́ gíga tuntun tó tẹ̀ yìí, wọn yóò sì dá ọwọ́ àtijọ́ tó bá a wá padà sí i. Bí mẹkáníìkì mìíràn bá sì ti fi irin iṣẹ́ kàn án, ẹ̀rí ti bà jẹ́ nìyẹn. Ìdí rèé tí Yésúfù fi wá lónìí, tó ti àlénkì, kọ́kọ́rọ́ kékeré onígun mẹ́fà tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, gba abẹ́ géètì wọlé fún opó náà.

Ẹ̀rí kí ni? Ẹ gbọ́ ná. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n sin Mùtàlíbù, ìyá rẹ̀, Alhaja Àjíbíkẹ́, gba ṣọ́ọ̀bù Yésúfù lọ ní oríta. Ìyá náà kò pariwo. Ó ṣí gèlè lórí, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ dúdú tí ọ́ìlì ti mu yó, ó ní, “Ọwọ́ tó de máṣíìnì ọmọ mi, Ọlọ́hun má jẹ́ kó rí nǹkan dè mọ́.” Àwọn ọlọ́kadà tó wà níbẹ̀ ṣe àmín kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé alùpùpù wá síbẹ̀ mọ́. Àwọn tí Yésúfù ti ń tún tiwọn ṣe láti ọdún mẹ́wàá ń gba Ìbafò lọ. Sípánà rẹ̀ mọ́ tónítóní bíi ṣíbí ìyàwó tuntun, mẹkáníìkì tí sípánà rẹ̀ bá sì ti mọ́, ebi ti ń yọjú lójú fèrèsé rẹ̀. Ó búra títí pé òun kò fọwọ́ kan àwọn ọwọ́ gíga náà. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Mùtàlíbù kì í gbé máṣíìnì rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Àmọ́ Yésúfù ní àṣà kan. Tó bá ti de nọ́ọ̀tì tán, á mú kútẹ́ẹ̀sì pupa, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná, á fi fa ìlà tín-ín-rín gba orí nọ́ọ̀tì náà kọjá sí ara irin. Bí nọ́ọ̀tì bá yí, bó ti wù kó kéré mọ, ìlà náà á gé sí méjì, á sì rí i. Wọ́n a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pé àlè mélòó ló ń ra kútẹ́ẹ̀sì fún. Á ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, pé ẹni tí òun bá de máṣíìnì fún, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa fi wọlé.

“Ẹ ti rí i?” Yésúfù bèèrè.

“Mo ṣì ń wò ó, Bọ̀ọ̀dá.”

Kí ló ń wò? Hàfísátù mọ̀ pé kò sí pupa níbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n kí Yésúfù tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ó mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n wá ròyìn èpè náà fún un nínú yàrá. Ọjọ́ yẹn ló ti wo ọwọ́ ara rẹ̀. Láti ìgbà náà, tó bá fẹ́ bu òkèlè, á kọ́kọ́ wò ó. Tó bá fẹ́ ṣàlùwàlá, á wò ó.

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ díẹ̀ kí Mùtàlíbù tó kú. Ẹ̀yìn ń dun Mùtàlíbù. Ọwọ́ tó máa ń bá irú alùpùpù yẹn wá lọ sílẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá ń gùn ún á dọ̀bálẹ̀ lé e lórí bí ẹni tó ń kí ọba, láti Mowé dé Ìkẹjà, lọ àti bọ̀, lójoojúmọ́. Ó wá ra ọwọ́ gíga láti Èkó, ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀. Yésúfù ní kó ní sùúrù di ọjọ́ Ajé, kí òun wá wáyà tó gùn sí i. Mùtàlíbù kò lè dúró. Ó ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù, ó ní kò le. Ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó to àwọn nọ́ọ̀tì sínú àwo oúnjẹ Toyyibah, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń kọrin:

Ẹ̀yìn mi, má dùn mí mọ́,
mo ra ọwọ́ tuntun fún ọ.
Ọ̀nà Ìbafò, ṣí sílẹ̀,
ọkọ Hàfísá ń bọ̀ nílé.

Hàfísátù jókòó tì í, ó ń na nọ́ọ̀tì sí i, ó ń gbe orin. Níbi tó bá ti dé “ọkọ Hàfísá,” ìyàwó á ní, “Èwo nínú wọn?” ọkọ á sì fi àkísà lù ú léjìká. Inú ilé yẹn kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ayọ̀ a máa wọlé báyìí, á jókòó, á na ẹsẹ̀, ẹni kankan kò ní í béèrè ìgbà tó máa lọ.

Ó de ti ọ̀tún tán. Ti òsì, nọ́ọ̀tì méjì ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìka yí wọn wọlé ni wọ́n pe ìrun aláàsárì. Mùtàlíbù kì í jẹ́ kí ìrun kọjá òun ní mọ́sáláṣí. Ó dìde, ó nu ọwọ́, ó na àlénkì sí ìyàwó rẹ̀.

“Méjì yẹn ló kù,” ó ní. “Bá mi dè wọ́n, kó le dáadáa.”

Hàfísátù de àkọ́kọ́. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ sí i débi pé àlénkì kọ ilà sí i ní àtẹ́lẹwọ́. Ó ki àlénkì bọ orí ìkejì. Ìgbà náà ni Toyyibah figbe ta ní ẹ̀yìnkùlé pé adìẹ ń lé òun. Hàfísátù sáré dìde. Ṣé ó ti yí i kó tó dìde? Ṣé ó padà wá yí i? Adìẹ nìkan ló rántí. Adìẹ funfun kan báyìí, ọrùn rẹ̀ kò ní ìyẹ́. Ó rántí pé òun sọ bàtà lù ú. Ó rántí pé òun fi omi ṣan ẹsẹ̀ ọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ rẹ̀ ti dé láti mọ́sáláṣí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

“Ṣé o ti dè é?”

Ó ní, “Mo ti dè é.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, Mùtàlíbù tẹ bíréèkì lójijì ní Ìbafò. Alùpùpù yà sí òsì, ó sì ṣubú, kò dìde mọ́. Àwọn kan tó wà níbẹ̀ ní ọwọ́ máṣíìnì ló yí mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ní mọ́tò kan ló gbún un. Ẹnu wọn kò tíì kò títí dòní.

“Kò sí pupa níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá,” ni Hàfísátù wí níkẹyìn.

Yésúfù dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun ní ohùn ìsàlẹ̀, bí aláàárù tó sọ ẹrù kalẹ̀ tí ọrùn ṣì ń dùn. Ó ní kí ìyàwó má bínú, kó fi àkísà nù ún, nítorí erùpẹ̀ lè bò ó. Kó tú wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó yí orí nọ́ọ̀tì sí ìmọ́lẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí ó di ọ̀la kí Hàfísátù wá sọ pé kò rí i dáadáa.

Hàfísátù bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún. Nọ́ọ̀tì méjèèjì le bí ojú aládàánìkànjẹ. Ó fi ẹsẹ̀ ti àlénkì kí wọ́n tó gbà. Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Ó bọ́ sí òsì. Àkọ́kọ́ le. Ó ní láti fi ọmọ odó kékeré lu àlénkì kó tó yí. Ó ń gbàdúrà láìlanu. Ọlọ́hun, jẹ́ kí èyí tó kù le. Jẹ́ kó le débi pé n kò ní lè tú u. Jẹ́ kí wọ́n wá bá mi níbí ní ìrọ̀lẹ́ kí n ṣì máa bá a fà á.

Ó ki àlénkì bọ ìkejì. Kò tíì fi agbára sí i tó fi yí. Ó yọ àlénkì, ó fi ìka méjì mú orí nọ́ọ̀tì náà. Ó ń tẹ̀lé ìka rẹ̀ bọ̀, wẹ́rẹ́, bí ìdérí ìpara.

Hàfísátù jókòó sílẹ̀ gbalaja. Ẹ̀fúùfù ń fẹ́ tapólì kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò dá a dúró.

“Bọ̀ọ̀dá Yésúfù.”

“Mo ń gbọ́.”

“Tí máṣíìnì bá ṣubú báyìí, ṣé nọ́ọ̀tì tó le lè tú fúnra ẹ̀?”

Ọgbọ̀n ọdún ni Yésúfù ti ń ṣe mẹkáníìkì, ó mọ ohun tó wà nínú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Kò bèèrè ẹni tó dè é.

“Ó lè tú,” ó ní. “Irin tó forí sọlẹ̀ báyẹn, kò sóhun tí kò lè tú lára ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé kò le tẹ́lẹ̀.”

“Èwo ni ẹ̀yin rò pé ó jẹ́?”

“Tí mo bá ní mo mọ̀, irọ́ ni mo pa. Kò sí mẹkáníìkì láyé yìí tó lè mọ̀ ọ́n mọ́. Ìdí tí mo fi ń kun kútẹ́ẹ̀sì nìyẹn.”

Ẹni tó ti ń retí ẹjọ́ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún, tó ní kí wọ́n dá òun láre tàbí kí wọ́n dá òun lẹ́bi, ẹ wo ohun tí wọ́n fún un. Kò rí àre, kò rí ẹ̀bi. Nọ́ọ̀tì kan ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí yóò gbà á.

Yésúfù tún ń sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan mìíràn. Kí ìyàwó ṣáà bá òun sọ fún Alhaja pé kò sí pupa. Ìyẹn nìkan ti tó òun jẹ ní Mowé yìí. Ẹnu rẹ̀ ló wà tí ọ̀kadà kan dúró, tí Alhaja Àjíbíkẹ́ sì sọ̀kalẹ̀. Ìfọ̀, ìlú rẹ̀, ló lọ láti àárọ̀, lọ bá àwọn ààfáà sọ̀rọ̀ nípa fidáù ogójì ọjọ́ ọmọ rẹ̀. Ó rí ọkùnrin tó jókòó ti géètì ilé ọmọ òun.

“Kí lo tún wá dè?” ó bi í, jẹ́jẹ́.

Yésúfù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú eruku. Ó ní, “Ẹ bi ìyàwó yín léèrè, Màmá.”

Ìyá wọlé, ó ti géètì. Ó rí alùpùpù tí wọ́n ti tú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó rí nọ́ọ̀tì mẹ́rin nílẹ̀, ó rí ìyàwó ọmọ rẹ̀ tí ọ́ìlì yí aṣọ opó mọ́ lára. Hàfísátù kúnlẹ̀.

“Màmá, Bọ̀ọ̀dá Yésúfù kọ́ ló dè é. Kò sí kútẹ́ẹ̀sì lára nọ́ọ̀tì kankan. Ẹ wò wọ́n.”

Alhaja bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wò wọ́n sójú oòrùn. “Ta wá ni?”

Òkú kì í jiyàn. Ẹni tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò ní í dìde wá sọ pé èmi kọ́. Gbólóhùn náà ti wà lẹ́nu Hàfísátù kó tó mọ̀, irọ́ tí òtítọ́ pọ̀ nínú rẹ̀.

“Bàbá Toyyibah ni. Òun fúnra ẹ̀ ló ṣe é nílé níbí, lọ́jọ́ Àìkú.”

Ó rò pé ìyá á sunkún. Ìyá kò sunkún. Ó rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé báàgì lé itan, ó ń wo iwájú.

“Mùtàlíbù?” ó ní. “Ọmọ tó jẹ́ pé tó bá so ewúrẹ́ mi mọ́lẹ̀, ó máa ń padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì?” Ó mi orí. Ó tún mi orí. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi bo ẹnu ara rẹ̀, ojú rẹ̀ sì là bí ẹni tó rí ejò. “Ọwọ́ tó de máṣíìnì ọmọ mi,” ó wí láti ẹ̀yìn ọwọ́ náà. “Hàfísá. Ọmọ mi ni mo wá ń ṣépè fún. Mo kúnlẹ̀, mo ṣí orí, wọ́n ṣe àmín sí i. Ó wà nínú sàréè, ìyá ẹ̀ ń ṣépè fún un.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹnu náà. Kò le, kò sì dákẹ́. Pẹ́, pẹ́, pẹ́, bí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ padà wọlé. Hàfísátù fi eékún rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó di ọwọ́ náà mú.

“Òun kọ́ lẹ ṣépè fún, Màmá. Èmi ni.”

“Má tàn mí.”

“Èmi ni. Wọ́n pe ìrun, ó kó méjì tó kù sílẹ̀ fún mi. Mo de ọ̀kan. Toyyibah ké, mo dìde. Èkejì yìí, ìka lásán ni mo fi tú u lónìí.”

Alhaja gba ọwọ́ rẹ̀ padà. “Ṣé ó mọ̀?”

“Ó bi mí léèrè nígbà tó dé.”

“Kí lo sọ?”

“Mo ní mo ti dè é.”

“Ṣé o dè é?”

“Mi ò mọ̀, Màmá. Mo ti rò ó títí. Mi ò mọ̀.”

Ìyá wò ó. Ó wò ó pẹ́ débi pé Hàfísátù gbọ́ tí ọmọ yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá. Bó bá gbá a létí, ì bá dára. Bó bá bú u, ì bá dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alhaja kàn dìde, ó fi báàgì kọ́ apá, ó rìn dé ìdí géètì, ó dúró níbẹ̀ láìwẹ̀yìn.

“Bo ojú ẹ,” ó ní. “Mo fẹ́ ṣí géètì.”

Hàfísátù fa ìbòrí sójú. Yésúfù ti lọ; ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì dúró láti yọ̀. Ìyá bọ́ síta, ó ń lọ nínú oòrùn, láàrin àwọn ọlọ́kadà tó ń pè é pé kó jẹ́ kí àwọn gbé e. Oríta ló ń lọ. Bí èèyàn bá dé oríta yẹn, apá ọ̀tún ni ṣọ́ọ̀bù Yésúfù, apá òsì ni ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò padà sí Ìfọ̀. Hàfísátù rìn dé ẹnu géètì, ó ki ọrùn jáde, àmọ́ ògiri ilé igun bò ó. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ni ì bá fi rí i. Opó kò gbà á láyè. Ó dúró síbẹ̀ títí eruku fi rọlẹ̀.

Kò ti géètì. Ó padà wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó nu ọ́ìlì ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ara tapólì, ó wá fóònù rẹ̀, ó pe Zubair. Ọmọkùnrin náà fi ọdún mẹ́jọ kéré sí i, ṣùgbọ́n ilé ló ti bá a nígbà tó fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Zubair gbé e, ó ń kí i, ó ń sọ pé mẹkáníìkì òun ti múra, pé aago mẹ́jọ ni àwọn máa gbéra.

“Ẹ má tíì gbéra,” ni Hàfísátù wí. “Ẹ jókòó ná, ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi.”